Ìdọ̀bálẹ̀ Oní-síkáànù

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú mi, mo máa ń kẹ̀yìn sí i ni. Ọkùnrin tó ń ṣe síkáànù, ìyẹn yíya àwòrán inú ara, ní Bàrígà ló fà á. Ó ní kọ̀ǹpútà tuntun tó ń fúnra rẹ̀ tọ́ka sí jẹjẹrẹ pirositéètì nínú àwòrán. Ó sì mọ̀ pé inú ihò ìdí ló yẹ kó ti ya àwòrán ọ̀hún.

Nígbà tí mo mú bàbá mi lọ ṣàyẹ̀wò, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún wọn, ó ní, "Ẹ má bọ́ ṣòkòtò, Bàbá. Ta ni mo jẹ́ tí màá wo ìdí yín?"

Orí ikùn ló ti yà á. Kọ̀ǹpútà ò rí nǹkan kan. Bàbá mi yìn ín títí a fi dé Fádèyí: "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn."

Kí ọsibítù mìíràn tó rí jẹjẹrẹ náà, ó ti wọ eegun.

Níbi ìsìnkú bàbá mi, oní-síkáànù náà tún dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo ní, "Dìde jàre. Ọ̀wọ̀ yìí náà lo fi pa wọ́n."