Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Kọ Orúkọ Àdúgbò Wa Lẹ́ẹ̀mejì

Ó dìgbà ná o, Ẹ̀gbọ́n mi! Áà, ikú ṣe é! Ikú mú olùkọ́ lọ, ó mú ẹni tí kì í gba "kò ṣeé ṣe" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo ń sunkún, ṣùgbọ́n mo ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, nítorí ẹ borí mi kí ẹ tó lọ, gbangba gbàǹgbà sì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ pé jọ síbí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa nígbà tí ìgbìmọ̀ fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa yà sọ́tọ̀ fún ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí gbogbo àdúgbò dìbò sí i. Aya ilé wa kan ti bímọ sẹ́bàá títì rí, níbi tí ọ̀kadà ti ń gbé e sáré lọ sí Adó, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọmọ náà bọ́ sí. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò wọ̀ ọ́ létí mọ́.

Òfin ẹgbẹ́ ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta wa bá buwọ́ lùwé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ pe ìdìbò, ṣùgbọ́n orúkọ tí kálukú bá kọ gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú rẹ́jísítà mu. Lọ́kàn àwa ìgbìmọ̀, kò sẹ́ni tó lè ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ ṣe fọ́tòkọ́pì fọ́ọ̀mù ní Fájuyì ní Adó, ẹ wọ bàtà kánfáàsì yín, ẹ ń kiri láti ojúlé dé ojúlé. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ gbé ìwé dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ṣí i. Ìyá Tópẹ́. Ìyá Ṣẹ́gun. Ìyá Ìbejì. Màmá Onírẹsì. Orúkọ tí a ń pe ara wa lójoojúmọ́ ni wọ́n kọ, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ́jísítà. Lókè pátápátá, ẹ̀yin fúnra yín kọ "Màmá Tíṣà"! Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi fa ìlà pa gbogbo rẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ níbí.

Mo rò pé ẹ máa bú mi. Ẹ kàn ní, "Ẹ̀bi mi ni. Tíṣà ló yẹ kó mọ̀." Ẹ padà sọ́nà. Ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, ẹ ń béèrè orúkọ tí bàbá obìnrin ilé náà sọ ọ́. Ẹ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìyá arúgbó kan sunkún, nítorí láti ìgbà tí ìyá tó bí i ti kú, kò sẹ́ni tó pè é ní Abọ́sẹ̀dé mọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ tẹ̀ka, ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka náà.

Ọjọ́ kẹrìnlá, ẹ gbé e ka orí tábìlì mi, ẹ fi èdè Èkìtì wa sọ pé: "Ùwé nù un. Ùwọ náà, kà á!" Àárọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe, ọ̀sán pọ́n, n kò rí ẹyọ kan. Ìdìbò wáyé, tọkùnrin tobìnrin jáde, ṣọ́ọ̀bù fìdí rẹmi! Ilé ìgbẹ̀bí ń bẹ níbẹ̀ lónìí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ-ọmọ tèmi gan-an sí, ẹ̀yin lẹ sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹ ò tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ yín gbé ìwé ìsìnkú yìí wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò, "Màmá Tíṣà" ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Mo dá a padà fún wọn.

Láyé mi, n kò pè yín lórúkọ rí, ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Ẹ forí jì mí, ẹ jẹ́ kí n pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Dókáàsì Ọmọ́tọ́lání, ajagunṣẹ́gun tí kò yọ idà, mo ti yẹ orúkọ yín wò. Ó pé, ó sì bá ti ìwé òkè ọ̀run mu. Akọ̀wé ti gbà á. Ẹ sùn re o.