Sójà Orí Ògiri Pálọ̀ Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo kéré tí n kò tíì lè dá korobá omi gbé, sójà kan wà lórí ògiri pálọ̀ Ìyá Àgbà ní Abẹ́òkúta, tí a gbọ́dọ̀ kí láràárọ̀ kí ẹ̀kọ tó kan ẹnu wa. Bàbá àgbà wa ni. Wọ́n ti lọ jagun ní Bọ́mà, wọ́n ti bọ̀, wọ́n ti fẹ́ Ìyá Àgbà, wọ́n sì ti kú nígbà tí màmá mi ṣì ń rákòrò. Fótò yẹn nìkan la mọ̀ wọ́n sí, fótò dúdú àti funfun nínú férémù kékeré tí èéfín àtùpà ti sọ gíláàsì rẹ̀ di bàìbàì. Àwọn ọkùnrin inú wa á dọ̀bálẹ̀, àwa obìnrin á kúnlẹ̀, a ó sì pariwo pé, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Sójà!" Ìyá Àgbà tó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn wa ló máa ń dáhùn: "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Wọ́n gbọ́." Ìgbà yẹn ni ẹ̀kọ àti àkàrà tó máa ń yọjú.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà kan náà, ẹ ó rántí pé ilé tó bá ní irú fótò bẹ́ẹ̀, ilé ńlá ni lójú àdúgbò. Àlejò tó bá wọlé á wo sójà, á wo màmá mi, á ní, "Háà, ọmọ yìí mà jọ bàbá ẹ̀ o!" Àwọn kan tilẹ̀ máa ń sọ pé Ìyá Àgbà fúnra wọn ti ń jọ ọkọ wọn, pé bí tọkọtaya tó fẹ́ràn ara wọn ṣe ń rí nìyẹn. Ìyá Àgbà á kàn ní kí a bu omi fún àlejò.

Sójà yìí náà ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá. Bí o bá jí ẹran nínú ìkòkò, iwájú rẹ̀ lo máa kúnlẹ̀ sí, ọwọ́ méjèèjì lókè, títí apá á fi máa gbọ̀n. Ìyá Àgbà kì í na ọmọ. Etí ni wọ́n máa ń fà. Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ ọ̀tún wọn ti wọ́ láti ìgbà tí ọmọ odó ti já lé e, ó wá tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Etí tí ìka yẹn bá ti kọ́, kò sí bó ṣe lè bọ́. Etí mi ọ̀tún mọ ìka náà ju bí mo ṣe mọ orúkọ mi lọ.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n fún wa ní ìwé kíkà kan níléèwé. Sójà kan wà níbẹ̀ tó wọ ẹ̀wù pupa, fìlà búlúù, bọ́tìnnì yẹ́lò, irunmú rẹ̀ sì tóbi bí ìgbálẹ̀. Ojú tì mí fún tiwa. Ní Sátidé kan tí Ìyá Àgbà lọ sípàdé ṣọ́ọ̀ṣì, mo gun àga, mo gbé férémù sọ̀kalẹ̀, mo yọ ìṣó ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fi epo pupa kun ẹ̀wù. Mo fi búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun kun fìlà. Gàrí olépo tí mo jẹ lẹ́nu tó kúnná ni mo fi ṣe bọ́tìnnì. Ó wá dùn mí pé odidi sójà kò ní irunmú, ni mo bá fi èédú fún wọn ní ọ̀kan tó kàn wọ́n létí. Mo gbé fótò padà sórí ògiri, inú mi dùn, mo ń retí ìyìn.

Èèrà ló tú àṣírí mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, wọ́n ti tò láti ilẹ̀ dé àyà Bàbá Sójà, wọ́n ń ru bọ́tìnnì wọn lọ. Ìyá Àgbà tẹ̀lé èèrà títí ojú wọn fi kan férémù. Etí mi rí màbo lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún gbé fótò wò, wọ́n tẹjú mọ́ irunmú yẹn, wọ́n sì yára wọ ilé ìdáná. Láti orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, ẹ̀rín tó ń mi èjìká, tí wọ́n ń fi ìró bo ẹnu nítorí rẹ̀. Kò yé mi rárá. Wọ́n nu èédú kúrò, ṣùgbọ́n epo kọ̀, ni wọ́n bá ti fótò mọ́nú àpótí. Láti ọjọ́ náà, ojú ògiri tí férémù ti kúrò là ń kí, Ìyá Àgbà sì ń dáhùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ mí lọ́kàn títí mo fi dàgbà, pé èmi ni mo ba ojú kan ṣoṣo tí màmá mi mọ̀ bàbá wọn sí jẹ́.

Ẹ wá wò mí lónìí. Ajax ni mò ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Toronto, mo sì ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, mo máa ń wọ tíréènì lọ sí láíbìrì kan ní Toronto, níbi tí àwa márùn-ún ti ń fi kọ̀ǹpútà kun fótò ogun àtijọ́. Olórí wa ni Ọ̀gbẹ́ni Gọ́dọ̀n, òyìnbó arúgbó tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe télọ̀. Ó lè fi wákàtí méjì yẹ bọ́tìnnì kan wò. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan nínú wa kun ìbọ̀sẹ̀ sójà ní àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Gọ́dọ̀n kò lè mu tíì rẹ̀ tán. N kò jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì gàrí fún un láéláé.

Lọ́dún tó kọjá, dọ́kítà ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún màmá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rù bà wọ́n gan-an. Wọ́n mú fótò olépo náà jáde láti ìsàlẹ̀ báàgì wọn.

"Thursday ni wọ́n máa fọwọ́ kan ojú mi," wọ́n ní. "Mi ò mọ bó ṣe máa rí lẹ́yìn ẹ̀. Mo fẹ́ rí bàbá mi dáadáa lẹ́ẹ̀kan, in colour, kí n mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni mo jọ wọ́n. Ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ náà lo máa tún un ṣe."

Ní Sátidé tó ṣáájú Thursday yẹn, mo gbé fótò dé iwájú Ọ̀gbẹ́ni Gọ́dọ̀n, mo ti fi kọ̀ǹpútà nu gbogbo epo mi kúrò. Ó ní ojúlówó kàkí sójà ni ẹ̀wù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ irú kàkí tó jẹ́, nítorí òmíràn dà bí iyanrìn, òmíràn dà bí ewé gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ló fajú ro. Èjìká ẹ̀wù ti wá sílẹ̀ dé agbede apá. Ọrùn méjì lè wọ kọ́là kan náà. Wọ́n ti fi ìṣó dá ihò tuntun sára bẹ́líìtì. Ó ní nínú gbogbo aṣọ tí òun ti rán, òun kò rí aṣọ tí kò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ bí èyí. Inú bí mi. Mo ní kó rọra o, bàbá àgbà mi ló ń sọ̀rọ̀ sí. Ó ní kí n má bínú, kí n kàn sọ ọwọ́ di ńlá, kí a lè rí ibi tí apá ẹ̀wù parí sí.

Mo sọ ọ́ di ńlá. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fọwọ́ bo etí mi ọ̀tún. Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ sójà yẹn tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Mo wo etí sójà, mo rí ihò yẹtí.

"Yéè! Ìyá Àgbà!" Gbogbo láíbìrì ló wò mí.

Nínú tíréènì tí mo wọ̀ padà sí Ajax, mo tún gbé fótò náà wò. Bàbá ni wọ́n rán mi, ìyá ni mo rí, ìyá tí wọ́n ti mọ̀ látilẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún pé kò ní fótò bàbá rẹ̀ kankan láyé? Mo parí àwọ̀ náà ṣá. Ti ara kò le, mo mọ bí Ìyá Àgbà ṣe pọ́n tó.

Lọ́sàn-án Sunday, mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú màmá mi. Mo ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ ìgò ojú wọn. Wọ́n sún mọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Màámi nìyí," wọ́n ní.

"Ẹ má bínú, Mummy. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rín ilé ìdáná yẹn gan-an. "Gbogbo ayé ní mo jọ bàbá mi! Ta ni ǹ bá tún jọ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, omi náà kò sì wá dúró mọ́, ó di ẹkún lóòótọ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn bẹ̀rẹ̀ iléèwé, ọmọ ilé kejì fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá tòun wà lára ògiri, tàwọn kò sí níbì kankan. Àwọn sunkún wálé. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà di ẹrù kan, wọ́n gbé e sórí, wọ́n lọ sí Ìbarà, níbi tí ayafótò wà, wọn ò sì jẹ́ kí àwọn tẹ̀lé wọn. Nígbà tó máa tó ọ̀sẹ̀ kan, bàbá ti wà lára ògiri.

"Mo ní mi ò ní bàbá," màmá mi ní. "Màámi lọ wọṣọ, wọ́n di bàbá fún mi."

Mo gbá wọn mọ́ra. Wọ́n nu ojú, wọ́n tún tẹjú mọ́ fótò.

"Ṣùgbọ́n kàkí yìí kọ́ o. Ó ti funfun jù. Aṣọ yẹn ni wọ́n gé rán báàgì iléèwé fún mi lẹ́yìn ẹ̀, mo gbé e títí mo fi parí ìwé mẹ́fà. Àwọ̀ èlùbọ́ ni."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé èlùbọ́ díẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Gọ́dọ̀n. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó mi orí, ó sì tò ó mọ́ àwọn ẹ̀rí àwọ̀ tó ń kó jọ.

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere, sójà wa sì wà lára ògiri ní Ajax báyìí. Ayé ti yàtọ̀. Fótò kan ni gbogbo ilé wa ní nígbà náà, a sì ń kúnlẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ mi ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú fóònù, wọ́n ń fi ìka gbá wọn kọjá. Ṣùgbọ́n màmá mi ti ṣòfin: ẹni tí kò bá kí sójà, kò ní í jẹ kọnfúléèkì. "Good morning, Grandma Soldier!" ni wọ́n máa ń sọ, tí wọ́n á tẹ orúnkún kan díẹ̀, ojú wọn wà lára aago. Màmá mi á dáhùn láti orí àga lẹ́yìn wọn pé, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Wọ́n gbọ́."

Èmi náà ń kúnlẹ̀, bí orúnkún mi ṣe ń dùn mí yìí. Nígbà tí mo wà léwe, mo rò pé òkú ni Ìyá Àgbà ń bá dáhùn. Àṣé àwọn gan-an là ń kí láti ọjọ́ yìí wá, tí a kọ ẹ̀yìn sí wọn, tí wọ́n jókòó sórí àpótí, tí wọ́n ń gba ìkíni wọn láràárọ̀ láìjá ọjọ́ kan. Wọn ò sì purọ́ fún wa. Wọ́n gbọ́.