Ojú-Ewé tó Ṣí Fúnra Rẹ̀

Kumasi ni wọ́n bí Mànsúrà sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí Bákàrè, bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń pè ní ilé.

Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú sùn. Òwúrọ̀ ikú, ìrọ̀lẹ́ sàréè. Ará ilé tó wà lókèèrè á gbọ́ nígbà tí erùpẹ̀ ti gbẹ. Iṣẹ́ ìkànnì sì ni Mànsúrà ń ṣe ní Sawaba, àdúgbò kan ní Kumasi. Ló bá kọ́ ọ̀kan fún àwọn Yorùbá Kumasi: ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ikú. Kíákíá.

Ọ̀nà méjì ni irinṣẹ́ tó fi kọ́ ìkànnì náà gbà. O lè fọwọ́ ara rẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Èyí tí o kò bá kọ, kò sẹ́ni tó máa débẹ̀. O sì lè fi í sílẹ̀ kó máa ṣe é fúnra rẹ̀: fáìlì tó bá ti bọ́ sínú fódà ti di ojú-ewé, orúkọ rẹ̀ á yọ níwájú ìkànnì, gbogbo ayé á kà á. Ìkejì ni Mànsúrà mú.

“Ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tí onílé ń wẹ̀,” ni Kwadwo tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ.

“Ìwọ máa kọ tìrẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ lo fẹ́ràn wàhálà.”

Ọkàn Bákàrè ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló tà ní Suame Magazine, ọgbà àwọn mẹkáníìkì, títí ó fi darúgbó. Dókítà ní kí wọ́n máa múra. Mànsúrà múra. Ọ̀sán Àlàmísì kan, ó fi omijé kọ ìkéde ikú bàbá rẹ̀, ó fi àyè ọjọ́ sílẹ̀. Ó tọ́jú rẹ̀ sínú fódà ìkànnì náà. Ibi tó máa ń tọ́jú nǹkan sí. Ó jáde lọ ra oògùn.

Nígbà tó dé, ilé ti kún. Àwọn àgbà mọ́sálásí lórí ẹní. Bákàrè láàárín wọn, ife koko, ẹ̀kọ mímu, lọ́wọ́ kan, fóònù ẹnìkan lọ́wọ́ kejì.

“Ẹ mu koko,” ó ń sọ fún wọn. “Òkú ló ń ṣe yín lálejò.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò dénú.

Ó ka ìkéde ikú ara rẹ̀ tán lórí fóònù náà. Ó wo ọmọ rẹ̀.

“O kọ ọ́ dáadáa.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ló—”

“Ṣé mo ti sú ọ ni?”

Jẹ́jẹ́ ló béèrè.

Mànsúrà yọ ojú-ewé náà kúrò. Ó tún gbogbo ìkànnì kọ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ti bàbá rẹ̀ nìkan ni kò kọ. Bákàrè kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ṣùgbọ́n tí Mànsúrà bá gbé oògùn wá, kò ní kó jókòó mọ́. “Gbé e síbẹ̀.” Ó tán.

Ààwẹ̀ kò tíì dé tí Bákàrè fi kú. Òwúrọ̀ ni. Mànsúrà fi ọjọ́ sí àyè rẹ̀. Ó kọ àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo tó kù. Ojú-ewé ṣí.

Àwọn tó ti sunkún lásán lẹ́ẹ̀kan kò dìde. Nígbà tí wọ́n kírun sí Bákàrè lára, ìlà àkọ́kọ́ àwọn tó ń kírun kò kún.

Ràódàt, ẹ̀gbọ́n Bákàrè, pè láti Ògbómọ̀ṣọ́.

“Mànsúrà, ẹ̀rọ yín tún ti bẹ̀rẹ̀, àbí?”

“Rárá, màmá. Kì í ṣe ẹ̀rọ.” Ó mí. “Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́.”