Ọkọ̀ Àfọ́kù Tí Àjíǹde Rà

Àjíǹde ni gbogbo àdúgbò ń pe mẹkáníìkì yìí, nítorí ọkọ̀ tó bá ti kú pátápátá ló máa ń rà. Á tún un ṣe, á kùn ún, á tà á. Iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí ìbínú rẹ̀, kó pè é ní oníjìbìtì.

Èyí tó rà lọ́jọ́ Ajé, aláwọ̀ ewé ni, iwájú rẹ̀ ti rún wómúwómú. Owó pọ́ọ́kú ni alágbàtà gbà. Inú Àjíǹde dùn ṣìnkìn, orin ló ń kọ bó ṣe ń tú táyà ẹ̀yìn. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ tí orin dá wáí.

Wọ́n ti gé páìpù bíréèkì, wọ́n ká a lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá fi wáyà dì í pinpin. Òun nìkan ló máa ń dì í báyẹn, tí òróró bíréèkì bá ń jò tí kò sì fẹ́ ra páìpù tuntun. Bíréèkì táyà yẹn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, àmọ́ ọkọ̀ á rìn. Ta ló máa ń wo abẹ́ ọkọ̀ tó bá fẹ́ rà á? Ọkùnrin burúkú ni Àjíǹde!

Ó fi sípánà ha ọ̀dà ara ọkọ̀. Pupa ló wà lábẹ́ àwọ̀ ewé. Yéè! Ọkọ̀ pupa tó tà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn rèé! Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó pe alágbàtà lórí fóònù.

“Àbúrò, ẹni tó ń wa ọkọ̀ yìí ńkọ́?”

“Tíṣà kan ni, ìyá àgbà tó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì. Bíréèkì ò mú, ló bá lọ kọlu ògiri. Ọlọ́run yọ wọ́n, ẹsẹ̀ kan ló kán. Ìyá náà ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín o.”

“Lọ́dọ̀ èmi kẹ̀?”

“Ọkọ̀ míì ni wọ́n fẹ́ rà. Mo ní ẹ̀yin lẹ ò ní rẹ́ wọn jẹ.”

Kó tó pa fóònù, ìyá náà ti dé, ó ń tiro lórí ọ̀pá méjì.

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èyí tí bíréèkì rẹ̀ máa mú ni mo fẹ́.”

Àjíǹde lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

“Ìyá, èmi ni mo kán yín lẹ́sẹ̀.”

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Àjíǹde kúnlẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹ̀rín náà wá kú mọ́ ọn lẹ́nu.