Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Ka Ààrò Wa

Ní etíkun wa ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, kí èbúté ńlá yẹn tó dé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àwa tí à ń yan ẹja máa ń fọ́ ààrò wa. Bí òjò bá ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀, a ó wó ti àtijọ́, a ó po amọ̀, a ó mọ tuntun, a ó sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Ìyá mi ló kọ́ mi. Ó ní ooru kì í dúró nínú ààrò tó bá ti sán.

Aládùúgbò mi tí ààrò tirẹ̀ kọjú sí tèmi, ọ̀lẹ paraku ni. Ọdún mẹ́ta ni kò fọ́ tirẹ̀. Ewúrẹ́ ń sùn sínú ẹ̀.

Mo máa ń bi í pé, "Ṣé ilé ewúrẹ́ lo kọ́ ni, àbí ààrò?"

Á ní, "Ẹ̀yin náà, Àǹtí, ẹ jẹ́ kéèyàn sinmi."

Ni àwọn tó fẹ́ kọ́ èbúté bá ní ìdàgbàsókè ń bọ̀. Ọkọ̀ òkun yóò máa gúnlẹ̀ níbi tí àwọn ọkọ wa ti ń ju àwọ̀n, wọn yóò sì kọ́ ọjà tuntun. Wọ́n máa wó gbogbo ààrò wa, ẹni tí wọ́n bá ti ka tirẹ̀ ló máa gba ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n máa wá kà á ni wọn ò sọ.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dé, mo wà nínú amọ̀ dé orúnkún. Ọ̀gá kan gbé fóònù tó tóbi bí àwo dání.

"Mọ́mì, ààrò yín dà?"

"Òun lẹ ń wò yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ́ ni."

"Amọ̀ ni mo rí, mà."

"Kí ni wọ́n fi ń mọ ààrò ní ọ́fíìsì yín, bọ́tà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rín in. Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́túnla, á ti gbẹ. Ó ní àwọn ò ní padà wá. Ó tẹ nǹkan sí fóònù. Mo bi í ohun tó kọ.

"Ilẹ̀ lásán, mà."

Ó wá kọjú sí ti aládùúgbò mi, ó ya á ní fọ́tò, tewúrẹ́-tewúrẹ́. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí i lára.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ààrò mi ti le bí òkúta nígbà náà. Mo tiẹ̀ gbé èérún rẹ̀ kan dání lọ fi hàn wọ́n. Akọ̀wé ní ohun tí kọ̀ǹpútà bá ti gbà, ó ti gbà á nìyẹn. Katapílà wó o kí n tó dáná sí i rárá.

Èbúté ti dúró báyìí. Wọ́n ní ọrọ̀ ajé ń dàgbà. Bóyá, èmi ò tíì bá a pàdé. Ẹja wa ti sá lọ sí ibú. Òkú Èkó ni mò ń rà l'Ájà, ẹja inú yìnyín tó bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun, inú dúróọ̀mù tí wọ́n gé sí méjì ni mo sì ti ń yan án, lẹ́yìn yàrá tí mo háyà ní Lákọ̀wẹ́. Orí omi tí ìyá mi ti ń ra ẹja tútù ni ẹja náà gbà kọjá wá bá mi.

Aládùúgbò mi gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Táìlì ni wọ́n fi ṣe é látòkè délẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri: Ẹ má dáná níbí. Ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń yan ẹja tà! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ìbàdí mú. Ìdí dúróọ̀mù mi ló ń gbé ẹja rẹ̀ wá kí n bá a yan án.

Mo bi í pé, "Ṣé ewúrẹ́ yẹn ti gba ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀?"

"Àǹtí, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹ kúkú wá bá mi tà níbẹ̀, ààyè wà."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ. Nọ́ńbà ààrò rẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kọ sókè ilẹ̀kùn. Mo jókòó sábẹ́ ẹ̀, mo ń ta ẹja tí èmi fúnra mi yan. Oníbàárà kan dé, ó ní, "Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ẹ bá mi dín owó ẹ̀ kù díẹ̀."

Mo ní kó bi oníṣọ́ọ̀bù.