Kòkó Lórí Dẹ́kìn Tuntun

Ó ṣì máa ń dùn mí bí mo bá rántí dẹ́kìn ilé ìyá mi n'Íléṣà. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni mí l'Óṣogbo nígbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mo sì ń lé: kí ìyá mi kúrò nínú yàrá tí òjò ń jò sí, kí wọ́n máa sùn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí wọn.

Ìgbà ọyẹ́ la da kọnkéré dẹ́kìn náà. Bíríkìlà wa, àgbàlagbà kan tí kì í pariwo, kìlọ̀ pé ọyẹ́ yóò tètè fa omi ara rẹ̀ gbẹ, pé bí a kò bá ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, yóò sán. Mo ra àpò ìdọ̀họ tí wọ́n máa rẹ sómi, tí wọ́n máa tẹ́ lé e. Mo bẹ àwọn ọmọge àdúgbò kí wọ́n máa pọnmi wá láti odò. Mo wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi.

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ."

Ọkàn mi balẹ̀, mo wọ lọ́rì padà s'Óṣogbo.

Nígbà tí mo dé lópin ọ̀sẹ̀, òórùn kòkó ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mo gun àkàbà. Kòkó oko ìyá mi! Wọ́n sá a láti igun dé igun, kò síbi téèyàn lè tẹsẹ̀ sí. Ìyá mi àti àbúrò wọn obìnrin ń fẹsẹ̀ yí i káàkiri, inú wọn ń dùn.

"Màmá, omi ńkọ́?"

"Omi kẹ̀? Kí wọ́n da omi sí kòkó mi? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn, mo ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ewúrẹ́ ò débí, adìẹ ò débí. Ulé rẹ yìí dára gan-an!"

"Àpò tí mo rà ńkọ́?"

Wọ́n fẹnu júwe ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ti fi di èyí tó ti gbẹ.

Ta ni yóò jágbe mọ́ ìyá rẹ̀? Bíríkìlà ni mo kọjú ìjà sí.

"Bàbá, ẹ̀yin náà sì ń wò wọ́n?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin ọmọ wọn ò lè sọ̀rọ̀, èmi ni kí n wá ní kí wọ́n kó kòkó wọn?"

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló tún dùn mí jù.

Ìgbà tí wọ́n kó kòkó tán la rí i. Dẹ́kìn ti sán tín-ín-rín bí fọ́nrán irun, lóròó àti níbùú. Bíríkìlà ní kò lè wó láéláé, irin inú rẹ̀ pé, ara rẹ̀ ló kàn gbẹ jù. A po sìmẹ́ǹtì, a dí i. Ó tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a dí. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ kí a tó kan òrùlé, omi ń kán sísàlẹ̀, ìyá mi dúró lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wòkè.

"Ọmọ mi, èmi ò lè sùn lórí ohun tó ti là kí n tó kó wọlé."

Mo bẹ̀ wọ́n títí. Bíríkìlà fò sókè fò sílẹ̀ lórí dẹ́kìn náà níṣojú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò gbà. Síbẹ̀ mo parí ilé. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì onírin sí yàrá òkè, lẹ́bàá fèrèsé tí atẹ́gùn ti ń wọlé jù.

Ìsàlẹ̀ ni ìyá mi sùn títí wọ́n fi kú. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ti sá kòkó tán, òkè ni wọ́n ń kó àwọn àpò rẹ̀ sí. Bí mo bá ti Òṣogbo dé, tí mo ṣílẹ̀kùn yàrá náà, àpò kòkó ni mo máa ń bá lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, fèrèsé á ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i.