Obì Mẹ́rin fún Ọba Orí Òkè

Òórùn ìgbẹ́ màlúù àti koríko tútù ló kọ́kọ́ pàdé mi ní orílẹ̀-èdè kékeré yẹn, láàárín àwọn òkè tí òjò dídì bò lórí. Àfi bíi pé Ìpele, ìlú tó wà nítòsí Ọ̀wọ̀ wa, ni mo wà láàárọ̀, òtútù nìkan ló yàtọ̀. Iṣẹ́ ló gbé mi dé Siwisi nílẹ̀ Òyìnbó, mo wá wọ bọ́ọ̀sì lọ wo orílẹ̀-èdè kékeré náà. A kọjá odò kan, wọ́n ní a ti wọ orílẹ̀-èdè mìíràn nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó dá wa dúró. Láti Ọ̀wọ̀ dé Àkúrẹ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń dá wa dúró? Gbogbo ilẹ̀ ọ̀hún ò tó Ọ̀wọ̀ lérò, síbẹ̀ ó ní ọba tirẹ̀, ààfin ọba náà sì wà lórí òkè.

Ọba yẹn gan-an ni wàhálà mi. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó jáde nílé mọ́, ti di obì mẹ́rin fún mi nígbà tó gbọ́ pé ọba ń bẹ níbẹ̀. Ó ní, “Àlejò kì í wọ̀lú kó má kí ọba.” Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ṣèlérí. Bàbá mi á wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò, n kò sì lè purọ́ fún un.

Mo gun òkè náà títí mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Títì ni mo bá ẹnu ọ̀nà ààfin. Bàbá arúgbó kan ń fi àlùmọ́gàjí gé ẹ̀ka àjàrà nítòsí, mo bi í lédè Gẹ̀ẹ́sì bí mo ṣe lè rí ọba. Ó ní ọba kì í gbàlejò bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó dùn mí gan-an, ojú bàbá mi ni mo ń rò.

Mo wá ní kí n kúkú fún bàbá yìí ní obì náà, ṣebí àgbà ìlú lòun náà. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì na obì sí i. Ó ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó sáré wá gbé mi dìde. Ó rò pé mo ṣubú ni. Má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó gbà á. A jọ pa ọ̀kan jẹ. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ nítorí obì náà korò, ṣùgbọ́n kò tu ú.

Mo pe bàbá mi lórí fóònù. Ó ní, “Ṣé o kí ọba?”

“Ìlẹ̀kùn tì, sà. Àgbà kan ló gba obì.”

Ó bi mí, “Ṣé ó jẹ ẹ́?”

“Ó jẹ ẹ́, sà.”

“Ó ti tó. Wọ́n ti gbà ọ́.”

Bàbá mi ti jáde láyé báyìí, èmi sì ti padà sílé. Bí mo bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ọ̀wọ̀, tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tòun tẹrù, tó ń wọ̀tún wòsì, mo máa ń dìde lórí àga mi níwájú ilé, mo máa ń lọ kí i káàbọ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ààfin nìkan ló ń gba àlejò wọ̀lú. Àṣé ẹnikẹ́ni tó bá nu ọwọ́ rẹ̀ láti gba obì àlejò lè ṣe é.